Ẹ Bi Wá, Ká Dá Yín Lóhùn: Ẹ̀rọ Iná Lára Kẹ̀kẹ́ Tó Ń Ká

Láti ìgbà tí owó epo bẹntiróòlù ti fò sókè lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ń fi ojú mìíràn wo kẹ̀kẹ́ ológeere. Kẹ̀kẹ́ kékeré tòkunbọ̀ tó ṣeé ká sí méjì, tó ṣeé gbé wọ bọ́ọ̀sì tàbí wọ yàrá, ni èyí tó pọ̀ jù nínú lẹ́tà oṣù yìí dá lé: báwo la ṣe ń fi ẹ̀rọ iná, ìyẹn mọ́tò oníbátìrì tó ń jókòó sí àárín táyà, sí i nínú ilé ẹni? Ilé-Ifẹ̀, Modákẹ́kẹ́ àti Iléṣà ni gbogbo wọn ti wá, nítorí náà a kó wọn sójú kan, a sì gé àwọn tó gùn kúrú.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lágere ni mò ń gbé, inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ní kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan tó ń ká, táyà rẹ̀ jẹ́ ínṣì 20. Ẹnì kan fẹ́ ta ẹ̀rọ tí wọ́n yọ lára kẹ̀kẹ́ ńlá fún mi ní ẹ̀dínwó. Ṣé kí n rà á? Kí sì ni gbogbo nǹkan tí mo máa nílò? (Òṣìṣẹ́ yunifásítì, Lágere, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Ẹ jẹ́ kí owó yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Rúlà ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ tú táyà iwájú, kí ẹ wọn àlàfo tó wà láàrin ẹsẹ̀ méjèèjì fọ́ọ̀kì níbi tí ásù (irin tó gba àárín táyà kọjá) ń jókòó sí, láti inú sí inú. Lára kẹ̀kẹ́ tó wọ́pọ̀, mìlímítà 100 ló máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ti kẹ̀kẹ́ tó ń ká tí ilé iṣẹ́ Brompton ṣe, àti ti ọ̀pọ̀ èyí tí ilé iṣẹ́ Dahon ṣe, mìlímítà 74 péré ni. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 100 kò lè wọ ẹnu 74, fọ́ọ̀kì tí èèyàn bá sì fi tipátipá ya kò ní dúró déédéé mọ́. Ẹ̀rọ tín-ín-rín tí wọ́n ṣe fún 74 wà lọ́jà. Ẹ kàn ní láti dárúkọ ìwọ̀n yẹn fún ẹni tó ń tà á ni. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ fẹ́ fi sí, ẹ̀rọ ẹ̀yìn sábà máa ń fẹ́ mìlímítà 135, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tí kò ní gíà lè má ju 110 tàbí 120 lọ. Èyí tó bá jẹ́ irin, wẹ́dà tó mọṣẹ́ lè rọra yà á díẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ alumíníọ́mù, ẹ má dán an wò rárá, ńṣe ló máa sán.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n yọ lára kẹ̀kẹ́ ńlá. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún táyà ínṣì 26 máa ń yí tó ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan láti fún èèyàn ní kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Táyà ínṣì 20, tó bá yí lẹ́ẹ̀kan, bíi mítà 1.55 ló máa rìn. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìgbà 200 lọ́nà 1.55 jẹ́ mítà 310 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn kò tó kìlómítà 19 ní wákàtí. Ẹ̀rọ tó ń yí bí ìgbà 270 ló máa gbé yín dé 25. Ti eré nìkan kò burú, torí ohun tí ẹ bá pàdánù nínú eré ni ẹ máa rí nínú agbára: ẹ̀rọ tó ń yí jẹ́jẹ́ nínú táyà kékeré máa ń fa ẹrù gòkè dáadáa. Ibi tó ti burú ni pé wọ́n ní láti tú u kúrò nínú ríìmù ńlá, kí wọ́n sì tún un hun sínú ríìmù ínṣì 20 pẹ̀lú sípóòkù kúkúrú tuntun. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ló lè hun ún kó tọ́. Owó ríìmù, owó sípóòkù àti owó iṣẹ́ á jẹ ẹ̀dínwó yẹn tán. Lójú tiwa, ẹ ra èyí tí wọ́n ti hun sínú ríìmù 20 wá.

Oríṣi méjì ni ẹ̀rọ tó ń wà láàrin táyà. Ọ̀kan ní gíà nínú. Kò ju kìlógíráàmù méjì sí méjì ààbọ̀ lọ, tí ẹ kò bá sì fún un níná, táyà á máa yí fàlàlà. Èkejì kò ní gíà. Ó máa ń tó kìlógíráàmù mẹ́rin sí mẹ́fà, mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ á sì máa fa yín sẹ́yìn nígbà tí bátìrì bá tán. Kẹ̀kẹ́ tí ẹ máa ká, tí ẹ máa gbé gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, èyí tó ní gíà ló bá a mu.

Àwọn nǹkan yòókù nìyí: kọntirólà (àpótí tó ń pín iná bátìrì fún ẹ̀rọ) áḿpì 15 fún fóòtì (volt) 36, throttle (ohun tí à ń fi fún ẹ̀rọ níná) tí à ń yí bíi ti ọ̀kadà, tàbí èyí tí à ń fi àtàǹpàkò tẹ̀, sẹ́ńsọ̀ pẹ́dà, tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń fẹsẹ̀ wà á, ọwọ́ bíréèkì méjì tó ní wáyà, tó ń pa ẹ̀rọ nígbà tí ẹ bá fà á, bátìrì lithium fóòtì 36, áḿpì-wákàtí 10, ṣájà fóòtì 42, áḿpì 2. Ohun kan tún wà tí kì í sábà sí nínú páálí: irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní torque arm. Ẹ rí i pé ẹ rà á. A ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Bátìrì yẹn gbé agbára 36 lọ́nà 10, ìyẹn wáàtì-wákàtí 360. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ á máa ná bíi 10 sí 12 lórí kìlómítà kan. Ó lè gbé yín tó kìlómítà 30, ṣùgbọ́n kí ètò yín má ju 25 lọ. Ìrìn àlọ àti àbọ̀ láti Lágere sí inú ọgbà kò tó ìyẹn rárá.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin ará wa, ẹ kú làálàá. Òkèsà ní Iléṣà ni ilé wa, mo sì máa ń kó ọjà díẹ̀ lọ sí Ọjà Àtàkúmọ̀sà. Ẹ mọ̀ bí òkè ṣe pọ̀ nílùú wa. Ṣé ẹ̀rọ wáàtì 250 lè gùn ún? Iwájú ni kí n fi sí ni àbí ẹ̀yìn? (Ìyá ọlọ́jà, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní ẹ̀yin, kẹ̀kẹ́ àti ẹrù jẹ́ kìlógíráàmù 100 lápapọ̀, kí òkè náà sì máa ga ní mítà 6 lórí mítà 100. Tí ẹ bá ń gùn ún ní kìlómítà 12 ní wákàtí, gígun òkè nìkan á gba nǹkan bíi wáàtì 196, yíyí táyà lórí títì á gba bíi 30 kún un. Gbogbo iná tó wọ ẹ̀rọ kọ́ ló ń di agbára, bí ìdá mẹ́rin rẹ̀ kan ń di ooru, nítorí náà bátìrì á máa tú bíi wáàtì 300 jáde. Kọntirólà áḿpì 15 lè fún ẹ̀rọ ní wáàtì 540 fún ìgbà díẹ̀. Ẹ̀rọ 250 lè gùn ún nìyẹn, bí ẹ bá ń fẹsẹ̀ wà á mọ́ ọn.

Ohun tó ń pa ẹ̀rọ kékeré lórí òkè ni kó máa rá. Bí eré rẹ̀ bá ti lọ sílẹ̀ tó ìrìn ẹsẹ̀, tí ẹ ṣì di throttle mú pátápátá, iná tó pọ̀ jù nínú èyí tó ń wọlé á kàn máa di ooru ni, gíà inú rẹ̀ tó jẹ́ rọ́bà líle á rọ̀, eyín rẹ̀ á sì máa jẹ. Ẹ máa ti ìsàlẹ̀ mú eré bọ̀ kí ẹ tó kan òkè. Bó bá fẹ́ dúró, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tì í. Nítorí ẹrù tí ẹ ń kó àti ìlú tí ẹ ń gbé, wáàtì 350 la máa gbà yín nímọ̀ràn, èyí tó ń yí jẹ́jẹ́, kì í ṣe èyí tó ń sáré.

Ẹ̀yìn ló dára jù fún Iléṣà, bí ẹnu ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yín bá gbà á. Nígbà tí ẹ bá ń gòkè, ìwúwo yín á fà sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́. Ẹrù tó wà lórí kẹ́ríà ẹ̀yìn tún máa ń fi kún un. Táyà iwájú tó ní ẹ̀rọ á wá máa yí lásán lórí yanrìn tàbí ilẹ̀ pupa tó tutù, ọwọ́ kẹ̀kẹ́ á sì máa yọ̀ lọ́wọ́ yín. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju iwájú lọ, ẹ gbé bátìrì síwájú pẹ̀lú, kí ẹ sì máa rọra fún un níná.

Ẹ má gbàgbé pé ohun tó gòkè á sọ̀. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ máa ń ti pẹ́ nílẹ̀, rọ́bà rẹ̀ á ti gan. Ẹ pààrọ̀ rọ́bà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti wáyà bíréèkì méjèèjì kí ẹ tó fi ẹ̀rọ sí i, torí kẹ̀kẹ́ náà á ti wúwo sí i ní kìlógíráàmù márùn-ún sí mẹ́fà.

ÌBÉÈRÈ: Mo ti ra gbogbo ohun èlò. Fọ́ọ̀kì mi jẹ́ irin, 100 sì ni ẹnu rẹ̀. Mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí, torí ti ọ̀rẹ́ mi, nígbà tó fún un níná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo báyìí, ásù yí nínú fọ́ọ̀kì, ó sì já gbogbo wáyà. Kí ló fà á? Báwo ni mo ṣe máa ṣe tèmi? (Akẹ́kọ̀ọ́, Modákẹ́kẹ́)

ÌDÁHÙN: Ohun tó ṣe ọ̀rẹ́ yín ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí, òun náà ló sì léwu jù, torí táyà iwájú lè já bọ́ lórí eré. Lára kẹ̀kẹ́ lásán, ásù kì í ṣe iṣẹ́ kankan ju kó gbé táyà dúró lọ. Lára kẹ̀kẹ́ oníná, bí ẹ̀rọ bá ṣe ń ti táyà síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ásù náà ń fẹ́ yí sẹ́yìn pẹ̀lú agbára kan náà. Ẹnu fọ́ọ̀kì nìkan ló dì í mú. Bí ó bá borí ẹnu fọ́ọ̀kì, á máa yí, wáyà tó gba inú ásù jáde á sì lọ́ mọ́ ọn títí á fi já.

Ásù ẹ̀rọ nípọn ní mìlímítà 12, ṣùgbọ́n wọ́n ti gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ní pẹlẹbẹ kó lè jẹ́ 10 níbẹ̀. Ẹnu fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ lásán sábà máa ń jẹ́ bíi 9. Ẹ máa nílò fáìlì pẹlẹbẹ. Ẹ fá ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì ní ìwọ̀n kan náà, ẹ máa gbé ásù wò ó lóòrèkóòrè, kí ẹ dáwọ́ dúró gẹ́lẹ́ tó bá wọlé ní fífún. Ẹ má fá a jìn sókè, àfi bí ásù kò bá dé ìdí, torí táyà á ga ju ibi tí bíréèkì ń mú lọ. Ká ní alumíníọ́mù ni fọ́ọ̀kì yín ni, a ò bá ti ní kí ẹ dá a dúró níbí: irin máa ń tẹ̀ kó tó ṣẹ́, èèyàn á rí i, ṣùgbọ́n alumíníọ́mù máa ń ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Ẹ tún wo ojú ìta ẹnu fọ́ọ̀kì. Púpọ̀ nínú wọn ní etí kékeré tó yọ síta, tí wọ́n fi ń dá táyà dúró kó má baà bọ́. Bí wáṣà bá gun etí yẹn, kò ní jókòó pẹlẹbẹ, nọ́ọ̀tì á máa tú lójoojúmọ́. Ẹ wá wáṣà kékeré tó lè wọ inú etí yẹn sí ìsàlẹ̀, tàbí kí ẹ fá etí náà dànù bí ẹ bá ti ní torque arm. Wáṣà tó ní eyín, eyín rẹ̀ ni kó wọ inú ẹnu fọ́ọ̀kì.

Torque arm wá kàn. Ihò rẹ̀ ní pẹlẹbẹ bíi ti ásù. Ẹ fi wọ ásù, kí ẹ fi kílípù họ́ọ̀sì de orí rẹ̀ kejì mọ́ ẹsẹ̀ fọ́ọ̀kì. Ọ̀kan tó fún ẹ̀rọ 250, ẹ fi méjì sí 350. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀tì, sípánà 18 tàbí 19. Ó yẹ kó fún tó newton-mítà 40. Ẹni tí kò ní sípánà tó ń ka agbára, kó lo sípánà gígùn sẹ̀ǹtímítà 20, kó sì fà á pẹ̀lú agbára tó tó èyí tó máa gbé kẹ́ẹ̀gì omi lítà 20.

Ẹ wo ara ẹ̀rọ dáadáa, ọfà kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ibi tí kẹ̀kẹ́ ń lọ ni kí ọfà kọjú sí. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi sódì á máa ti yín sẹ́yìn.

Nípa ti kíká kẹ̀kẹ́, ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kù díẹ̀ káàtó. Kí ẹ tó de wáyà kankan mọ́ ara kẹ̀kẹ́, ẹ ká a, ẹ tú u, ẹ tún un ká, kí ẹ máa wo bí àlàfo ṣe ń gùn tó sì ń kúrú ní ojú ìkáwọ́, ìyẹn ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń ká sí méjì. Ẹ̀gbẹ́ tí píìnì ìkáwọ́ wà ni wáyà kì í fi bẹ́ẹ̀ fà. Ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tó ti ń ya ẹnu, lè fà tó ọwọ́ kan. Nítorí náà ẹ gba ẹ̀gbẹ́ píìnì, kí ẹ fi wáyà sílẹ̀ ní dídẹ̀, kí ìdè kankan má sì sún mọ́ ojú ìkáwọ́ ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ọrùn kẹ̀kẹ́ náà ń ká; bí ẹ ṣe ṣe ti àárín ni kí ẹ ṣe ti wáyà throttle àti ti bíréèkì. Ẹ ká a, kí ẹ sì tú u nígbà mẹ́wàá láìsí iná nínú rẹ̀. Bí ìdérí wáyà bá ti ń funfun níbì kan, ibẹ̀ ló máa já.

Kọntirólà àti bátìrì, inú báàgì iwájú kan náà ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ lè yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé kẹ̀kẹ́. Wáyà láti bátìrì dé kọntirólà, kó má kéré sí 2.5 mm², kó sì jẹ́ oníhóró wẹ́wẹ́ tó rọ̀, kì í ṣe ti ilé tó le gan-an. Lẹ́èdì ni kí ẹ fi jó ìsopọ̀ rẹ̀, ẹ má kàn lọ́ ọ kí ẹ fi téèpù wé e. Fíúùsì áḿpì 20 ni kó wà lẹ́bàá bátìrì. Bí ẹ bá ń ki ìsopọ̀ bátìrì bọnu, á ta pàrà, iná búlúù kékeré á hàn: kapásítọ̀ (ohun kékeré tó ń gba iná pamọ́) inú kọntirólà ló ń kún lójijì. Kò burú lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, á jẹ ẹnu ìsopọ̀ náà. Ìsopọ̀ XT90-S kì í ta.

Sẹ́ńsọ̀ pẹ́dà ní àwo kékeré tó ní mágínẹ́ẹ̀tì yíká. Àlàfo àárín àwo àti sẹ́ńsọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju mìlímítà 3 lọ, ẹ sì wo ọfà ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ bá wà á sẹ́yìn ni ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, àwo ti wọ̀ sódì nìyẹn.

Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ kọ́kọ́ dán an wò, kí táyà kúrò nílẹ̀. Ẹ fi mọ́tímítà (ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn iná) wo èyí tó jẹ́ pọ́sítíìfù ní ẹnu bátìrì kí ẹ tó so ó. Bí ẹ bá so ó sódì, kọntirólà á jó kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ fún un níná díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fa bíréèkì: ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ kú lójú ẹsẹ̀. Bó ti wù kó rí, ẹ má gùn ún sí títì kí ìyẹn tó dá yín lójú. Lẹ́yìn náà ẹ gùn ún lórí ilẹ̀ títẹ́jú, bíi mítà 100, ẹ dúró, ẹ fún nọ́ọ̀tì. Ẹ tún fún un lẹ́yìn kìlómítà 20. Sípóòkù tuntun máa ń dẹ̀ láàrin kìlómítà 100 àkọ́kọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún ríìmù ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Kọntirólà mi jó, mo ra òmíràn. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ kàn ń kùn, ó ń gbọ̀n, kò yí dáadáa. (Òǹkàwé, Òpá, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Wáyà nípọn mẹ́ta ló lọ sí ẹ̀rọ, yẹ́lò, búlúù àti àwọ̀ ewé. Tínínrín márùn-ún tún wà: pupa, dúdú, àti mẹ́ta tó ń sọ ibi tí mágínẹ́ẹ̀tì wà fún kọntirólà. Ilé iṣẹ́ kan àti òmíràn kì í fi àwọ̀ kan náà ṣe iṣẹ́ kan náà, nítorí náà fífi yẹ́lò bá yẹ́lò kì í ṣe ìdánilójú. Bí kọntirólà tuntun yín bá ní wáyà méjì tí wọ́n dá yà sọ́tọ̀ fún ìdánimọ̀, ẹ gbé táyà sókè, ẹ so wọ́n pọ̀, kọntirólà á wá ipò tó tọ́ fúnra rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ fi àwọn tínínrín sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà, kí ẹ máa pààrọ̀ ipò àwọn nípọn mẹ́ta. Ọ̀nà mẹ́fà ló wà, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa yí jẹ́jẹ́ láìkùn. Iná díẹ̀ ni kí ẹ máa fún un ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń dán an wò, torí ipò tí kò tọ́ máa ń fa iná púpọ̀, ó sì lè jó kọntirólà kejì. Bí ẹ bá ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ tó ń yí geere nínú ṣùgbọ́n tí táyà kò yí, ó ń yí sẹ́yìn ni. Ẹ pààrọ̀ ipò méjì nínú àwọn tínínrín mẹ́ta yẹn, kí ẹ tún wá ọ̀kan tó tọ́ nínú mẹ́fà.

Tó bá ti ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tó jẹ́ pé ẹ ní láti fẹsẹ̀ tì í kó tó gbéra, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn sẹ́ńsọ̀ inú ẹ̀rọ ló ti kú. Nígbà tí iná bátìrì wà lórí kọntirólà, ẹ fi mọ́tímítà sí àárín wáyà dúdú àti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú wáyà tínínrín mẹ́ta yẹn, kí ẹ máa fọwọ́ yí táyà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Sẹ́yìn la wí, torí ẹ̀rọ onígíà kì í bá táyà yí síwájú. Ó yẹ kó máa lọ láti òdo sí bíi fóòtì 5, kó sì padà. Èyí tí kò bá mì ló ti kú.

Bó bá jẹ́ pé kò dún rárá, ẹ kọ́kọ́ yọ ìsopọ̀ ọwọ́ bíréèkì méjèèjì. Ọwọ́ bíréèkì tó há máa ń pa ẹ̀rọ láìjẹ́ kí èèyàn fura.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọkùnrin kan ní Sábó ní òun lè fi bátìrì kọ̀ǹpútà àlòkù to bátìrì kẹ̀kẹ́ fún mi ní owó pọ́ọ́kú. Ẹlòmíràn ní kí n kàn to bátìrì asíìdì mẹ́ta. Èwo ni kí n ṣe? (Telọ, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: A kò fọwọ́ sí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bátìrì ló ń gba owó jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ náà sì ni àfowórá ti ń di ewu.

Bátìrì fóòtì 36, áḿpì-wákàtí 10, hóró (bátìrì kéékèèké) 40 ló máa ń wà nínú rẹ̀ bí hóró kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ áḿpì-wákàtí 2.5: ìdìpọ̀ mẹ́wàá, mẹ́rin-mẹ́rin. Bí kọntirólà bá fa áḿpì 15, hóró kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tú bí áḿpì mẹ́rin jáde. Hóró tó ti lo ọdún mélòó kan nínú kọ̀ǹpútà kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láìgbóná. Wọn kì í sì í dọ́gba. Ìdìpọ̀ tó bá rẹ̀ jù ló máa kọ́kọ́ tán, bọ́ọ̀dù tó ń ṣọ́ wọn á sì gé iná lójijì lórí òkè. Bí ẹni tó tò ó bá sì lo irin ìjólẹ́èdì tààrà lórí hóró dípò ẹ̀rọ tó ń fi iná lẹ irin nickel pẹlẹbẹ mọ́ ọn, ooru yẹn ti ba inú rẹ̀ jẹ́ kí ẹ tó gbé e délé. Bátìrì báwọ̀nyí lè gbiná lóru.

Ti asíìdì mẹ́ta, oní-fóòtì 12, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbiná bíi ti lithium, àmọ́ ìkọ̀ọ̀kan rẹ̀ tó kìlógíráàmù mẹ́rin. Méjìlá nìyẹn, bí ẹni gbé kẹ̀kẹ́ mìíràn lé kẹ̀kẹ́.

Ẹ ra tuntun tí wọ́n ti tò pẹ̀lú bọ́ọ̀dù rẹ̀. Níwájú ẹni tó ń tà á, ẹ jẹ́ kó gba iná kún, kí ẹ fi mọ́tímítà wò ó: fóòtì 42 ni kó jẹ́. Tó bá dé 37, ó ti ku bí ìdajì. Ní nǹkan bí 32, ó ti tán, ẹ má sì fi agbára mú un kọjá ibẹ̀. Ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀gbọ́n òun á gbé e sínú àpò bọ̀ láti òkè òkun: ọkọ̀ òfuurufú kì í gba bátìrì lithium tó ju wáàtì-wákàtí 160 lọ́wọ́ èrò, bẹ́ẹ̀ tiyín jẹ́ 360. Ojú omi ló sábà máa ń gbà wọlé.

ÌBÉÈRÈ: Iná kì í dúró ládùúgbò wa. Ṣé mo lè fi jẹnẹrétọ̀ kékeré tàbí sólà gba iná sí i? (Òǹkàwé, Ìmọ̀, Iléṣà)

ÌDÁHÙN: Ẹ lè lo méjèèjì. Ṣájà fóòtì 42, áḿpì 2 ń fún bátìrì ní wáàtì 84, jẹnẹrétọ̀ tó kéré jù lọ́jà á gbé e. Bátìrì tó ti tán á gba wákàtí márùn-ún àti díẹ̀ sí i. Ewu jẹnẹrétọ̀ wà ní ìparí epo: ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, iná á máa lọ sókè sódò, ibẹ̀ ni ṣájà ti ń jó. Ẹ yọ ọ́ kí epo tó tán. Ẹ tún yẹ ẹ̀yìn ṣájà wò. Àwọn kan ní bọ́tìnnì pupa kékeré fún 115 tàbí 230. 230 ni kó wà. Tó bá wà ní 115, á bú gbàmù tí ẹ bá kì í bọ iná.

Fún sólà, páńẹ́ẹ̀lì wáàtì 100 pẹ̀lú kọntirólà tó ń gbé fóòtì sókè, tí ẹ ṣètò rẹ̀ sí 42 gẹ́ẹ́, á gba iná sí i láàárín ọjọ́ kan tí oòrùn bá ràn dáadáa. Páńẹ́ẹ̀lì ló ń wà lóòrùn. Bátìrì, abẹ́ òjìji ni.

Orí sìmẹ́ǹtì ni kí ẹ ti máa gba iná sí bátìrì, kó jìnnà sí mátírẹ́ẹ̀sì, aṣọ àti kẹ́ẹ̀gì epo. Kó má wà lẹ́nu ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde. Ẹ má sùn tì í. Tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìrìn dé tó ń gbóná, ẹ fún un ní ìdajì wákàtí kó tutù. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún oṣù kan, ẹ fi í sílẹ̀ ní ìdajì, ní bíi 37. Bátìrì tó kún tó wà nínú ooru á tètè gbó.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òjò kò ní ba ẹ̀rọ náà jẹ́? (Òǹkàwé, Mòòrè, Ilé-Ifẹ̀)

ÌDÁHÙN: Òjò lásán kì í ṣe nǹkan kan, bí wáyà tó jáde lẹ́nu ásù bá kọ́kọ́ tẹ̀ sísàlẹ̀ kó tó gòkè, kí omi lè máa kán bọ́ nísàlẹ̀ ibi tó ti tẹ̀ dípò kó ṣàn wọ inú ẹ̀rọ. Ẹnu kọntirólà tí wáyà ti jáde náà, ìsàlẹ̀ ni kó kọjú sí. Ẹ má fi họ́ọ̀sì alágbára fọ̀ ọ́, ẹ má sì wọ ìkún omi tó bá ti dé àárín táyà. Bí omi bá ti wọlé ná, ẹ yọ bátìrì kúrò, ẹ tú àwọn ìdè kéékèèké ara ìdérí ẹ̀rọ, kí ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ fún ọjọ́ kan, ẹ má yá a níná. Ẹ nu gíà gbẹ, kí ẹ fi gírísì funfun tuntun sí eyín rẹ̀ kí ẹ tó dé e padà.